Wilhelm Cuno: Oníṣòwò tí a fi ìlú lé lọ́wọ́

Ìbéèrè kan wà tí ó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn: ẹni tí ó mọ ọjà í tà, ǹjẹ́ ó lè mọ ìlú í tò? Láàárín àwọn Ẹ̀gbá, Pàràkòyí ni olórí àwọn oníṣòwò. Ó ní ìjókòó tirẹ̀ nínú ètò ìlú, àwọn Ògbóni ní tiwọn, àwọn Ológun sì ní tiwọn. Àṣà kò kó gbogbo ìlú lé oníṣòwò nìkan lọ́wọ́. Ìtàn ọkùnrin Jámánì kan tí ó ti papò dà láti ọdún 1933 yóò jẹ́ kí á mọ ìdí rẹ̀.

Ìlú Suhl ni a bí Wilhelm Cuno sí ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, 1876. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì wọ ilé-iṣẹ́ ìṣúra ìjọba ní 1907. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé tí oúnjẹ sì wọ́n, òun ni a fi ṣe olórí iṣẹ́ pípín ọkà. Ní 1917 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gba Hamburg lọ, ó sì wọ ilé-iṣẹ́ HAPAG. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí ó tóbi tó o ní gbogbo ayé.

Albert Ballin, ẹni tí ó sọ HAPAG di ńlá, kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, 1918, ọjọ́ náà gan-an tí a kéde pé ọba Jámánì ti fi orí oyè sílẹ̀. Cuno ni ó gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé òfìfo ni ó jogún. Àdéhùn Versailles ti 1919 pàṣẹ pé kí Jámánì kó gbogbo ọkọ̀ ìṣòwò rẹ̀ tí ó bá ju 1,600 tọ́ọ̀nù lọ fún àwọn tí ó ṣẹ́gun. Cuno kò káwọ́ lérí. Ní 1920 ó bá ilé-iṣẹ́ Harriman ní Amẹ́ríkà dòwò pọ̀: àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọkọ̀, HAPAG ní ìmọ̀, ọ́fíìsì àti èbúté. Báyìí ni ọlọ́kọ̀ tí kò ní ọkọ̀ ṣe padà sójú òkun, tí orúkọ Cuno sì kàn dé òkè òkun.

Ìpè sí orí àléfà

Ní oṣù Kọkànlá, 1922, ìjọba Joseph Wirth ṣubú, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kò sì lè fohùn ṣọ̀kan. Ààrẹ Friedrich Ebert ránṣẹ́ pe Cuno, ó sì di olórí ìjọba ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà bẹ́ẹ̀ ní ìjọba olómìnira ilẹ̀ náà. Ìrètí ìlú ni pé Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n mọ̀ ọ́n ní oníṣòwò, yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lórí owó ìtanràn ogun. Bílíọ̀nù 132 máàkì oníwúrà ni a bù fún Jámánì ní 1921.

Ẹ̀bẹ̀ náà kò wọlé. Nígbà tí Jámánì kùnà láti fi igi gẹdú, òpó wáyà àti èédú ránṣẹ́ bí ó ti yẹ, àwọn ọmọ ogun Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù wọ agbègbè Ruhr, níbi tí èédú àti irin wà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní, 1923. Jámánì kò lágbára ogun mọ́. Cuno wá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá àwọn àlejò tipátipá náà ṣiṣẹ́. Awakùsà gbé ṣọ́bìrì jù sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin káwọ́ gbera. Fún ìgbà díẹ̀, olówó àti tálákà sọ̀rọ̀ ní ohùn kan. Ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀: ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọmọ ogun Faransé pa òṣìṣẹ́ 13 nílé-iṣẹ́ Krupp ní Essen.

Owó di ewé

Ẹni tí ó ní kí á má ṣiṣẹ́ ni yóò bọ́ wa. Ìjọba ń san owó fún àwọn tí ó jókòó sílé, ó ń ra èédú láti òkèèrè, owó orí kò sì wọlé. Títẹ owó ni ó kù. Òtítọ́ ni pé àrùn owó náà ti wà kí Cuno tó dé, nítorí gbèsè ogun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti di àjàkálẹ̀. Ní 1914, máàkì mẹ́rin àti díẹ̀ ni dọ́là kan. Nígbà tí Cuno gorí oyè, ó ti tó bí 7,000. Ní àárín oṣù Kẹjọ, 1923, ó ti ju mílíọ̀nù méjì lọ. Àgbàlagbà tí ó fi ogójì ọdún kó owó pamọ́ kò lè fi ra búrẹ́dì mọ́. Òṣìṣẹ́ a gba owó, a sì sáré lọ sọ́jà kí ọjà tó tún gbówó lórí.

Cuno wọ ìjà láìmọ ibi tí yóò gbà jáde. Nínú òwò, ẹni tí ó bá pàdánù lè ti ìwé ọdún yìí pa, kí ó ṣí òmíràn. Ìlú kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, títí kan àwọn tí ń tẹ owó gan-an. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ nílé aṣòfin kọ̀yìn sí i, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù náà, láìpé oṣù mẹ́sàn-án. Gustav Stresemann, olóṣèlú tí ó kó ẹgbẹ́ mẹ́rin jọ, ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó dá ìyanṣẹ́lódì Ruhr dúró ní oṣù Kẹsàn-án. Owó tuntun sì jáde ní oṣù Kọkànlá.

Cuno padà sí Hamburg. Ní 1926 ó tún di ọ̀gá àgbà HAPAG, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí HAPAG àti Norddeutscher Lloyd ti Bremen, orogún àtijọ́, ṣe àdéhùn ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ní 1930. Ó kú ní Aumühle ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní, 1933, ní ẹni ọdún 56. Ọjọ́ 27 lẹ́yìn náà ni Hitler gorí àléfà.

Irú rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Olóyè Ernest Shonekan, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti ṣe alága UAC, di olórí Ìjọba Fìdíhẹ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 1993. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ló ṣófo. Olóyè inú Ọ̀yọ́ Mèsì kì í dá dúró: ìdílé kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń ti ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ìjà ẹgbẹ́ lóòótọ́. Bí iná bá wá ràn mọ́ òrùlé ńkọ́, ta ni yóò bá a pọnmi?