Ada Lovelace, obìnrin tó ronú sí ètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kí kọ̀ǹpútà tó dé

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Ada Lovelace, lọ́jọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 1815. Gbajúmọ̀ akéwì nì, Lord Byron, ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì pé oṣù méjì tí ìyá rẹ̀ fi gbé e kúrò nílé ọkọ. Ìyá kò fẹ́ kó fìwà jọ bàbá, ìmọ̀ ìṣirò ló fi tọ́ ọ dàgbà.

Ọmọ ọdún 17 ni Ada nígbà tó pàdé Charles Babbage ní 1833. Nígbà tó yá, ọkùnrin yìí dábàá ẹ̀rọ ńlá kan tí yóò máa tẹ̀lé àṣẹ láti ṣe oríṣiríṣi ìṣirò. Ní 1843, tí Ada ti di abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, ó túmọ̀ àpilẹ̀kọ tí Luigi Menabrea, ọmọ Ítálì, kọ lédè Faransé nípa ẹ̀rọ náà. Àlàyé tó fi kún un gùn ju àpilẹ̀kọ ọ̀hún lọ. Nínú rẹ̀ ló ti fi yé aráyé pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìṣirò tí kò ní ju ètò kan lọ tí a lè tẹ̀lé, àti pé èyí tí kò ní í fi àkókò ṣòfò ló yẹ ní yíyàn.

Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní 1852, lẹ́ni ọdún 36. Ẹ̀gbẹ́ bàbá tí kò fojú mọ̀ ni wọ́n sin ín sí ní Hucknall. Wọn kò kọ́ ẹ̀rọ Babbage parí.

Ọ̀rọ̀ tó sọ kò bá a kú. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Ọjà Ọba nílùú Àkúrẹ́. Ìyá kan ní ₦1,000 nínú àpò. Ó ní kí Táyé ka owó inú rẹ̀, kí Kẹ́hìndé yọ ₦200 níbẹ̀, kí wọ́n wá ro iye tí Táyé kà pọ̀ mọ́ iye tí Kẹ́hìndé yọ. Bí Táyé bá ṣáájú, èsì yóò jẹ́ 1,200. Bí Kẹ́hìndé bá ṣáájú, yóò jẹ́ 1,000. Àṣẹ kan náà, èsì méjì.

Ibi tí àwọn tó ń ṣe èdè kọ̀ǹpútà ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ nìyí. Java, tó jáde ní 1995, pàṣẹ pé ohun tó bá wà lọ́wọ́ òsì ni kó máa ṣáájú. Èdè C kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ètò tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ, kí iṣẹ́ lè yá. Lọ́jọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 1980, iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èdè kan tí wọ́n fi orúkọ Ada sọ, wọ́n sì fi 1815, ọdún ìbí rẹ̀, ṣe nọ́ńbà ìwé òfin rẹ̀. Èdè náà pẹ̀lú kò yan ẹni tí yóò ṣáájú.

Níbi tí èsì kò bá ti ní í yí padà, òmìnira yẹn bá ohun tí Ada kọ mu. Ṣùgbọ́n níbi tí owó olówó bá wà, ó yẹ kí òfin èdè sọ̀rọ̀. Títí dìgbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní FUTA àti níbi gbogbo kò gbọdọ̀ kó iṣẹ́ méjèèjì sórí ìlà kan: kí Táyé kà á tán, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí Kẹ́hìndé tó ki ọwọ́ bọ àpò.