Robert Mallet, ẹni tó ń ka ògiri

Nígbà tí a mú fọ́ọ̀mù lọ sí Amukoko láti wo àwọn ilé tí ìmìtìtì ilẹ̀ lè wó, orúkọ Robert Mallet kò kúrò lọ́kàn mi.

Dublin ni wọ́n ti bí i ní 1810. Bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ibẹ̀ ni Mallet ti di ẹnjiníà. Ní 1849, ó bo ẹ̀tù mọ́ inú yanrìn etíkun Killiney, ó ṣáná sí i, ó sì wọn bí ìgbì rẹ̀ ṣe ń sáré nínú ilẹ̀. Nínú yanrìn, ìgbì náà falẹ̀ ju ti inú àpáta lọ. Irú ilẹ̀ rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ilé ti ń mì jù, irà sì pọ̀ ní Amukoko.

Lóru 16 December 1857, ilẹ̀ mì ní gúúsù Ítálì, ènìyàn tó lé ní 10,000 sì kú. Royal Society fún Mallet ní £150, ó rìn kiri ibẹ̀ nínú òtútù February. Láti ìlú dé ìlú, ó ń wo ibi tí ògiri ti lanu àti ìhà tí òkúta ṣubú sí, ó sì ń fa ìlà padà síbi tí ìmìtìtì náà ti wá. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1862. Òun náà ló fún ẹ̀kọ́ yìí lórúkọ tí a ń pè é, seismology. Ní tèmi, ó gbára lé ògiri jù: ibi tí kò lágbára tẹ́lẹ̀ ni ògiri ti máa ń sán, ibi yòówù kí ìmìtìtì ti wá. Ojú rẹ̀ fọ́ lọ́jọ́ ogbó. Ó kú ní London ní 1881.

Òkú ilé ni Mallet kà. Fọ́ọ̀mù tiwa, tí irú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1988, ilé tó ṣì dúró ló wà fún: ká dúró ní títì, ká ka iye àjà, ká wo ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ tí kò ní ògiri púpọ̀, ká fún ilé ní máàkì. Àwọn kan ní kí ló kan Èkó nínú èyí. Accra mì ní 22 June 1939, ènìyàn sì kú. Ìjẹ̀bú-Òde náà mì ní 1984.

Bàbá onílé kan bi wá bóyá ọ̀dà pupa wà nínú báàgì wa. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba fẹ́ wólé, àwọn ayálégbé sì ń gbọ́ látòkè. A ṣí báàgì fún wọn: bírò àti téépù. Wọ́n wá mú wa lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n nawọ́ sí igun kan tó sán láti fèrèsé dé ìpìlẹ̀, tí a kò lè rí láé láti títì. Fọ́ọ̀mù kò bèèrè ìhà tó kọjú sí. Mo ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀.