Ibn Sina: ìdárayá kó tó kan oúnjẹ

 

Ẹ ti rí orúkọ ọkùnrin yìí lára ilé oògùn BinSina ní Dubai. Àwa tí à ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, tí a tún ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ títí dé Sharjah, ó yẹ ká mọ ìtàn rẹ̀. Ó kọ̀wé nípa ìrora tó ń dà wá láàmú, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìbàdí, tó ń ta bí abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn itan lọ sí ẹsẹ̀. Irq an-nasa ni Lárúbáwá ń pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan tí nǹkan tẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń fà á.

Abúlé kan nítòsí Bukhara ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí 980. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó há Alùkùráánì sórí. Kò tíì pé ogún ọdún tó fi tọ́jú Nuh ibn Mansur, ọba Bukhara, tí ọba sì fún un láyè láti máa ka ìwé ààfin. Lẹ́yìn náà ó di alárìnkiri: Gurganj, Jurjan, Rayy, Hamadan. Ní Hamadan ó di olórí ìjòyè, wọ́n tún jù ú sẹ́wọ̀n, kó tó sá lọ sí Isfahan. Láàárín wàhálà yìí ló kọ al-Qanun, ìwé ìṣègùn alápá márùn-ún tí wọ́n fi kọ́ni ní Yúróòpù fún nǹkan bí 400 ọdún.

Ní apá kìíní, níbi tó ti sọ bí a ṣe ń tọ́jú ìlera, ìdárayá ló kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà oúnjẹ, lẹ́yìn náà oorun. Lójú rẹ̀, ìdárayá ni kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ lo ara rẹ̀ títí yóò fi máa mí gidi. Kò ní kí aláìlera máa sáré o: jíjókòó sórí ohun tó ń fì àti wíwọ ọkọ̀ ojú omi pàápàá wà nínú ohun tó kà sí ìdárayá. Àwọn dókítà òde òní náà kì í fẹ́ kí ẹni tí iṣan yìí ń dùn dùbúlẹ̀ lọ títí. Kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìṣínu, kí ìrun tarawih tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rìn díẹ̀ létí omi Al Majaz. (Bí ẹsẹ̀ bá kú tí kò lágbára mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.)

Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìsinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, al-Juzjani, ló ròyìn ìyẹn. Nígbà tí inú rírun mú un lójú ogun, kí wọ́n má bàa fi í sílẹ̀, ó fi oògùn fọ ìfun ara rẹ̀ nígbà mẹ́jọ lọ́jọ́ kan, ìfun sì dá egbò. Ìtàn sọ pé nígbà tó rí i pé ara kò gbà á mọ́, ó tuúbá, ó pín ohun ìní rẹ̀ fún aláìní, ó sì ń ka Alùkùráánì parí ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Hamadan ló kú sí, nínú oṣù Ramadan ọdún 428 Híjírà, ìyẹn 1037. Ibẹ̀ ni sàréè rẹ̀ wà títí dòní.