Bernhard Tauchnitz, Òǹtẹ̀wé Ìlú Leipzig

Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ Charles Dickens. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ orúkọ ọkùnrin tí ó mú ìwé Dickens dé ọwọ́ àwọn ará Jámánì, Faransé àti Ítálì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an tí a fi kọ ọ́. Christian Bernhard Tauchnitz ni ọkùnrin náà.

Ní oṣù August ọdún 1816 ni a bí i ní Schleinitz, nítòsí ìlú Naumburg ní Jámánì. Karl Tauchnitz, ìbátan rẹ̀, jẹ́ gbajúmọ̀ òǹtẹ̀wé ní Leipzig, ìlú tí òwò ìwé ti gbilẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1837, nígbà tí Bernhard jẹ́ ọmọ ogún ọdún péré, òun pẹ̀lú dá ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1841 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ìtàn àròsọ. Ní London nígbà náà, ìtàn àròsọ tuntun a máa jẹ́ ìwé mẹ́ta, owó rẹ̀ a sì tó ṣílè 31 àti ààbọ̀. Ìwé Tauchnitz kéré, ó fúyẹ́, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó ṣílè 2. Nítorí náà ni àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ fi sọ́kàn nìyí. Ní àkókò náà, kò sí òfin kankan ní Jámánì tí ó dáàbò bo òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni lè tẹ ìwé rẹ̀, kí ó tà á, kí ó má sì fún un ní kọ́bọ̀ kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1843, Tauchnitz tọ àwọn òǹkọ̀wé náà lọ, ó bẹ̀ wọ́n fún àṣẹ, ó sì san owó fún wọn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Saxony tó bá ara wọn dá májẹ̀mú lórí ọ̀ràn yìí. Ó bẹ àwọn tí ń ra ìwé rẹ̀ pẹ̀lú pé kí wọn má ṣe kó o wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, kí ọjà àwọn òǹtẹ̀wé ibẹ̀ má bàa bàjẹ́.

Àwọn kan lè wí pé ọgbọ́n òwò ni. Òtítọ́ ni pé ó jèrè nínú rẹ̀, nítorí àwọn òǹkọ̀wé a máa fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí i ní kùtùkùtù, tí ìwé rẹ̀ fi ń ṣáájú ti àwọn yòókù dé ọjà. Ṣùgbọ́n èrè náà kò tíì dájú nígbà tí ó kọ́kọ́ san owó. Ìwà ni ó ṣáájú, kí èrè tó tẹ̀ lé e. Dickens fọkàn tán an tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ó rán àkọ́bí rẹ̀ lọ kọ́ èdè Jámánì ní Leipzig ní ọdún 1853, Tauchnitz ni ó ràn án lọ́wọ́.

Ní ọdún 1860 a fi í joyè. Ní ọdún 1869 ó fi Májẹ̀mú Titun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀mọ̀wé Tischendorf ṣe àtúnyẹ̀wò rẹ̀, ṣe ìwé ẹgbẹ̀rún kan nínú ọ̀wọ́ ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1872 ó di aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Saxony. Ó kú ní oṣù August ọdún 1895, ọmọ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ náà lọ.

Ní oṣù December ọdún 1943, bọ́ǹbù ogun ba ilé iṣẹ́ náà jẹ́ ní Leipzig. Ilé wó, ṣùgbọ́n orúkọ kò wó. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tauchnitz kò fi itọ́ mọ tirẹ̀. Nígbà tí a bá jáde ní kọ́lẹ́jì yìí, tí a wà ní abúlé níbi tí alábòójútó kì í sábà dé, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ó san gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò lè fi agbára gbà lọ́wọ́ rẹ̀.