Susanna Wesley, Ìyá tí ó Sọ Ilé Rẹ̀ di Ilé Ẹ̀kọ́

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá gbọ́ òwe yìí, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ọkàn wa kọ́kọ́ máa ń lọ sí; ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ mìíràn wà tí ọmọ ń kó jáde láti ilé, èyíinì ni ìwà àti ìmọ̀. Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni a máa rò nígbà púpọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni ẹ̀kọ́ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé nígbà tí a bá lu agogo ìkẹyìn, ó ti parí. Ìtàn obìnrin tí a fẹ́ sọ yìí yóò fi hàn wá pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, kò sì gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ àwa kò rò pé a lè rí olùkọ́ púpọ̀ tí ó ju ìyá yìí lọ.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kíní ọdún 1669 ni a bí Susanna ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá rẹ̀, Samuel Annesley, jẹ́ oníwàásù olókìkí láàárín àwọn tí wọ́n ti ya ara wọn kúrò nínú Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A sọ pé òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ti fi ọkàn ara rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì wò, ó sì padà sínú ìjọ tí bàbá rẹ̀ ti fi sílẹ̀. Láti ìgbà èwe ni ó ti jẹ́ ẹni tí í ro ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò kí ó tó ṣe ìpinnu. Bí ó bá sì ti pinnu, kì í yẹ̀.

Ní ọdún 1688 ó di aya Samuel Wesley, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwèé tí ó yan iṣẹ́ àlùfáà. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó bí. Mẹ́sàn-án nínú wọn kú ní ọmọ ọwọ́, mẹ́wàá ni ó dàgbà: ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin méje. Ní nǹkan bí ọdún 1691 wọ́n ń gbé ní South Ormsby, ní ẹkùn Lincolnshire. Nígbà tí ó ṣe, ní nǹkan bí ọdún 1697, wọ́n ṣí lọ sí Epworth ní ẹkùn kan náà, ibi ilẹ̀ àkùrọ̀ tí omi yí ká. Ilé tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ ilé onígi àti alámọ̀ tí a fi koríko bo òrùlé rẹ̀. Kí a má ṣe rò pé ilé ọlọ́rọ̀ ni. Gbèsè kò fi bàbá náà sílẹ̀ láé; ní ọdún 1705 a tìtorí gbèsè tí kò tó 30 pọ́n-ùn jù ú sí ẹ̀wọ̀n ní Lincoln, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì ṣá àwọn màlúù tí ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní wàrà lọ́gbẹ́. Ìyá náà bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ kí ó fi wá oúnjẹ. Ọkọ náà sì dá a padà. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Báwo ni ó ti ṣe é? Ibí ni ó yẹ kí àwa olùkọ́ni dúró sí díẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ sí ọmọ rẹ̀ John ní oṣù keje ọdún 1732, nígbà tí ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò kọ́ ọmọ kankan ní ìwé kí ó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, àfi ẹnìkan ṣoṣo, àbájáde èyí kò sì dára. Bí ọjọ́ tí ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ bá ku ọ̀la, a ó tún ilé ṣe, a ó pín iṣẹ́ fún olúkúlùkù, a ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú yàrá náà láti agogo mẹ́sàn-án títí di agogo méjìlá, àti láti agogo méjì títí di agogo márùn-ún. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà a jókòó pẹ̀lú ìyá rẹ̀, a sì kọ́ gbogbo ábídí ní ọjọ́ kan náà. Méjì péré nínú wọn, Mary àti Anne, ni ó lo ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Ìyá wọn sì ka àwọn wọ̀nyí sí ọmọ tí orí ìwé wọn le, títí ó fi rí bí àwọn ọmọ ilé mìíràn ti ń pẹ́ tó lórí iṣẹ́ kan náà.

Samuel, àkọ́bí, ni ó kọ́kọ́ dán ọ̀nà náà wò ní ọdún 1695, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní South Ormsby. Ọmọ yìí ti dá ìdààmú sílẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún kí ó tó sọ̀rọ̀. Wákàtí díẹ̀ ni ó fi mọ ábídí. Ìyá rẹ̀ kò fún un ní ìwé ọmọdé kan. Ó ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní fún un, ó kọ́ ọ láti pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ kìíní lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kà á léraléra títí ahọ́n rẹ̀ kò fi kọsẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó kọjá sí ẹsẹ kejì. Oṣù kejì ọdún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Pẹ́ńtíkọ́sì fi dé, ọmọ náà ti ń ka odindi orí kan já geere.

Nínú yàrá náà a kì í pariwo, a kì í ṣeré. Wákàtí mẹ́fà ni wákàtí iṣẹ́. Ọmọ kò gbọdọ̀ dìde kúrò ní àyè rẹ̀ láìnídìí. Kí ó sáré lọ sí àgbàlá tàbí sí ìgboro láìgba àṣẹ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. A gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kan, ó ń ka iye ìgbà tí ó sọ ohun kan náà fún ọmọ kan. Nígbà tí ó di ogún, ó bi í léèrè bí ó ti ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Èsì tí ó fọ̀ ni pé bí òun bá ti dúró sí ìgbà kọkàndínlógún, gbogbo wàhálà òun ìbá já sí asán. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ta ni nínú wa tí kì í ti bínú kí ó tó di ìgbà kẹta?

Òfin mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Kò jẹ́ kí a kọ́ ọmọbìnrin kan ní iṣẹ́ ọwọ́ kí ó tó mọ ìwé kà dáadáa, nítorí ó ti kíyè sí i pé fífi abẹ́rẹ́ síwájú ìwé ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ obìnrin mọ ìwé kà kí ó yé ẹni tí ń gbọ́.

A kò ní sọ pé gbogbo ọ̀nà rẹ̀ ni ó dùn mọ́ wa nínú. Ọmọ tí ó bá ti pé ọdún kan, àwọn mìíràn kí wọ́n tó pé bẹ́ẹ̀ pàápàá, ni ó ti ń kọ́ láti bẹ̀rù pàṣán, kí ó sì rọra sunkún. Òun gbà pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pàṣán ni àdá kan ṣoṣo tí a lè fi pẹ̀ka. Òun pàápàá sì ní òfin tí ó tu ènìyàn lára: ọmọ tí ó bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tí ó sì ṣèlérí àtúnṣe, a kì í nà án; a kì í bá ọmọ wí ní ìgbà méjì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan; bí ọmọ bá sì gbìyànjú láti ṣe ohun tí ó wu òbí, bí kò tilẹ̀ ṣe é dáadáa, a ó gba ìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú inú rere, a ó sì fi ọ̀nà tí ó dára jù hàn án.

Ní òru ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1709, iná mú òrùlé koríko náà. Gbogbo ilé jáde, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé John, ọmọ ọdún márùn-ún, sórí ibùsùn ní òkè. Ó gun orí àpótí kan lẹ́bàá fèrèsé. Ọkùnrin kan gun èjìká ọkùnrin kejì, ó sì fà á jáde. Lójú kan náà ni òrùlé wó lulẹ̀. Ìwé gbogbo jóná, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ di eérú. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́jọ wà láàyè, bàbá wọn sì sọ fún àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó tó òun ní ọrọ̀.

Ṣùgbọ́n àdánù kan wà tí ojú kò tètè rí. A pín àwọn ọmọ sí ilé àwọn ẹlòmíràn títí a ó fi tún ilé kọ́. Nígbà tí ìyá wọn kó wọn jọ padà, ó rí i pé wọ́n ti kọ́ orin búburú àti ọ̀rọ̀ àìmọ́, wọn kò bọ̀wọ̀ fún Ọjọ́ Ìsinmi mọ́, ẹ̀kọ́ ọdún púpọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣòfò. Ìyá mìíràn ìbá ti sọ pé iná ni ó fà á, kí ó sì jókòó. Òun tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún kan a ti fi bíríkì kọ́ ilé tuntun, èyí tí ó ṣì dúró ní Epworth títí di òní. Wákàtí mẹ́fà náà sì padà, ó sì fi orin Sáàmù kíkọ kún un ní òwúrọ̀ àti ní àṣálẹ́. Bí agogo márùn-ún bá lù, ẹ̀gbọ́n tí ó dàgbà jù a mú àbúrò tí ó kéré jù nínú àwọn tí ó lè sọ̀rọ̀, ẹnìkejì a mú èyí tí ó tẹ̀ lé e, wọn a sì ka Bíbélì fún wọn. Ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán ni ó di olùkọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ìyá náà tún fi alẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ sọ́tọ̀ láti dá bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀: Mary ní ọjọ́ Ajé, Mehetabel ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Anne ní Ọjọ́rú, John ní Ọjọ́bọ̀, Martha ní ọjọ́ Ẹtì, Charles ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Emilia àti Susanna ní ọjọ́ Ìsinmi. John dàgbà, ó di àgbà ọ̀mọ̀wé ní Oxford, síbẹ̀ ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé ọkàn òun ń fà sí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ wọ̀nnì.

Àwọn ọmọkùnrin lọ jìnnà. John wọ ilé ẹ̀kọ́ Charterhouse ní ọdún 1714. Samuel àti Charles lọ sí Westminster. Ní Oxford, ètò wákàtí tí John àti Charles pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn ń pa mọ́ wà lára ohun tí a fi sọ wọ́n ní Mẹ́tọ́díìsì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Mehetabel ti ń ka Májẹ̀mú Titun ní èdè Gíríìkì ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì di akéwì. Ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn Oxford kan tí ó ṣí fún obìnrin nígbà náà. A fà á fún ọkọ tí kò bá a mu ní ọdún 1725, ayé rẹ̀ sì korò. Ìyá lè pèsè yàrá fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn òde mú.

Samuel Wesley kú ní ọdún 1735. Aya rẹ̀ gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri, títí ó fi kú ní oṣù keje ọdún 1742 ní ilé John ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Bunhill Fields ni a sin ín sí. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn náà, ní ọdún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Badagry, àwọn Mẹ́tọ́díìsì sì mú Ìhìnrere àti ìwé wọ ilẹ̀ wa. Nítorí náà, bí àwa ti jókòó nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí, díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń kàwé ti inú yàrá Epworth wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá lọ sílé fún ìsinmi, kí ni a máa ń rí? Ọmọ ṣí ìwé rẹ̀, a rán an lọ pọn omi. Ó padà dé, àlejò ti jókòó sí àyè rẹ̀. Nígbà tí gbogbo iṣẹ́ ilé tán, epo ti gbẹ nínú àtùpà, oorun sì ti dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwa olùkọ́ a bi í léèrè ìdí tí kò fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a sì pè é ní ọ̀lẹ. A kò sọ pé kí ọmọ má ṣe iṣẹ́ ilé. Ọmọ Wesley ṣe é. Ohun tí Susanna mọ̀ ni pé wákàtí ìwé ní tirẹ̀, wákàtí iṣẹ́ sì ní tirẹ̀. Kì í ṣe tábìlì dáradára ni ó fi pèsè àyè fún àwọn ọmọ rẹ̀, bí kò ṣe àdéhùn tí gbogbo ará ilé pa mọ́. Ẹní kan ní igun yàrá, àtùpà kan tí epo wà nínú rẹ̀, wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni kò ní pe ọmọ náà: kò sí ilé tí ó tòṣì tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè pèsè èyí.

Ǹjẹ́ nígbà tí a bá rán wa lọ sí abúlé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a máa bá àwọn ìyá àti bàbá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ẹnu ọ̀nà wọn, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, ní ìgbà ogún bí ìgbà mọ́kàndínlógún kò bá tó. Iná jó ilé Epworth, ṣùgbọ́n a tún un kọ́ láàárín ọdún kan. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.