Agbọ́-Ẹjọ́-Ẹnìkan-Dá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Timothy Evans

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. N kò tí ì ka ìtàn kan tí ó fi ìjìnlẹ̀ òwe yìí hàn mí bí ìtàn Timothy Evans, ọmọ ilẹ̀ Wales tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yẹgi fún ní ìlú London ní ọdún 1950. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ni ó fẹ́ràn ìtàn ọ̀daràn. Ẹni tí ó bá ti ka Àjà Ló Lẹrù àti Àgbàlagbà Akàn ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí yóò mọ bí inú ènìyàn ti í dùn tó nígbà tí ọwọ́ Làpàdé bá tẹ àwọn ẹni ibi. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, apànìyàn ni ó wá ṣe ẹlẹ́rìí, aláìṣẹ̀ ni ó dúró ní àyè ọ̀daràn. Orúkọ apànìyàn náà, Christie, ni àwọn ènìyàn máa ń pariwo. Ìgbésí ayé Evans ni èmi yóò sọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1924 ni wọ́n bí Timothy John Evans ní Merthyr Tydfil, ìlú àwọn awa-èédú ní gúúsù ilẹ̀ Wales. Kí wọ́n tó bí i ni bàbá rẹ̀ ti fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ sì fẹ́ ọkọ mìíràn lẹ́yìn náà. Nígbà tí Timothy wà ní kékeré, egbò kan yọ sí i ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó fà á, kò sì jinná bọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé, ilé ìwòsàn ni òun ń lọ. Báyìí ni ó ṣe dàgbà láìmọ̀wé. Agbára káká ni ó fi lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

Ohun kejì tí ó yẹ kí n sọ ni pé Timothy a máa parọ́. Kì í ṣe irọ́ tí a fi ń gba ohun ìní ẹlòmíràn, bí kò ṣe irọ́ tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan fi ń gbé ara rẹ̀ ga lójú ẹgbẹ́. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kì í ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí púpọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí òpùrọ́ bá sọ òtítọ́ ní ọjọ́ kan, ojú irọ́ ni wọn yóò fi wò ó.

Ní ọdún 1935, ẹbí rẹ̀ kó lọ sí London. Ó padà sí Wales láti wa èédú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè ṣe é. Nígbẹ̀yìn, ó di awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ní London. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, ó gbé Beryl Thorley níyàwó, ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18. Nígbà Àjíǹde ọdún 1948, tọkọtaya náà gba yàrá ní àjà òkè ilé kan ní agbègbè Notting Hill. Nọ́ńbà ilé náà ni 10 Rillington Place. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n bí ọmọbìnrin wọn, Geraldine.

ALÁJỌGBÉ WỌN

Ní ìsàlẹ̀ ilé náà ni John Reginald Halliday Christie àti ìyàwó rẹ̀ Ethel ń gbé. Àgbà ni Christie. Ó lé ní ìlọ́po méjì ọjọ́ orí Timothy. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa tutù, aṣọ rẹ̀ a sì máa mọ́. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí olè jíjà, ó sì tún ṣẹ̀wọ̀n ní ọdún 1929 nítorí pé ó fi igi kíríkẹ́ẹ̀tì lu obìnrin kan ní orí. Síbẹ̀, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, àwọn ọlọ́pàá gbà á sí iṣẹ́ ọlọ́pàá ìgbà ogun láìwo ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí di ọdún 1943.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé kí Timothy àti Beryl tó dé ilé náà ni Christie ti pa obìnrin méjì. Ó pa Ruth Fuerst ní 1943, ó sì pa Muriel Eady ní 1944. Ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn ni ó sin àwọn méjèèjì sí. Orí sàréè ni ìdílé kékeré yìí ń gbé, wọn kò sì mọ̀.

Ọ̀RÀN DÉ

Owó kò tó wọn. Gbèsè àga àti tábìlì wà lọ́rùn wọn, ìjà kì í sì í tán láàárín wọn. Nígbà tí ọdún 1949 ń parí lọ, Beryl tún lóyún. Kò fẹ́ bí i, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba oyún ṣíṣẹ́ nígbà náà. Gẹ́gẹ́ bí Evans ti wí, Christie sọ fún wọn pé òun mọ iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, nígbà tí Evans ti ibi iṣẹ́ dé, Christie sọ fún un pé oyún náà ti já sí ikú fún Beryl. Ó ní òun yóò bá a gbé òkú náà pamọ́, òun yóò sì wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ọmọ. Ó ní kí Evans kúrò ní London. Evans ta àga àti tábìlì ilé rẹ̀, ó sì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ ní Merthyr Tydfil.

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó fẹ́ dáàbò bo Christie, irọ́ ni ó kọ́kọ́ pa. Ó ní oògùn oyún kan ni Beryl mu kú, òun sì ju òkú rẹ̀ sínú gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ tí ó wà níwájú ilé. Ọlọ́pàá mẹ́ta ni ó pawọ́ pọ̀ kí ọmọrí gọ́tà náà tó ṣí. Wọn kò sì bá òkú kankan níbẹ̀. Nígbà náà ni Evans wá dárúkọ Christie. Ó ti pẹ́ jù.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá, àwọn ọlọ́pàá rí òkú Beryl nínú ilé ìfọṣọ kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé. Òkú Geraldine wà nítòsí rẹ̀, táì sì wà ní ọrùn rẹ̀. Wọ́n ti fún àwọn méjèèjì lọ́rùn pa. Geraldine ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ọdún kan ni.

Wọ́n mú Evans padà wá sí London, wọ́n kó aṣọ ìyàwó àti aṣọ ọmọ rẹ̀ hàn án. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Ní àgọ́ ọlọ́pàá Notting Hill, ó ní òun ni òun pa àwọn méjèèjì. Nígbà tí ó yá, ó ṣàlàyé ní kóòtù pé nígbà tí òun gbọ́ ikú ọmọ òun, ayé sú òun, ẹ̀rù sì ń ba òun kí àwọn ọlọ́pàá má baà lu òun.

Ibí yìí ni ó dùn mí jù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu Evans sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ní Wales, ẹ̀ẹ̀mejì ní London. Ẹlòmíràn ni ó ń kọ ọ́, ẹlòmíràn ni ó ń kà á sí i létí, òun kàn fọwọ́ sí i ni. Ẹni tí kò lè ka ìwé kò lè mọ̀ bóyá ohun tí òun sọ ni wọ́n kọ. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ohùn tí a bá sì ti kọ sínú ìwé ọlọ́pàá kò tún ṣeé kó jọ mọ́.

ẸJỌ́ NÁÀ

Ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1950 ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Old Bailey. Ikú Geraldine nìkan ni wọ́n fi kan Evans, nítorí àṣà kóòtù ìgbà náà ni láti gbọ́ ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Evans jẹ́wọ́ pé òun parọ́, ó sì ní Christie ni apànìyàn. Lọ́yà ìjọba bi í léèrè ìdí tí Christie yóò fi pa wọ́n. Kò rí èsì fọ̀. Báwo ni ì bá ti mọ ohun tí ń bẹ nínú Christie?

Christie ni olórí ẹlẹ́rìí ìjọba. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ó mẹ́nu kan iṣẹ́ ọlọ́pàá tí ó ti ṣe. Lọ́yà Evans tú àṣírí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti pẹ́, ó ti yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń tún ilé náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí Beryl kú, tí wọ́n sì ń lo ilé ìfọṣọ yẹn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn kò rí òkú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn yìí kò dé etí àwọn méjìlá tí wọ́n ń pè ní júrì. Ní ọjọ́ 13, júrì fi ìṣẹ́jú 40 gbèrò, wọ́n sì ní Evans jẹ̀bi. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dà á nù. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1950, wọ́n yẹgi fún un ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Pentonville. Ọmọ ọdún 25 ni. Títí ó fi kú, ohun tí ó ń wí kò yí padà: Christie ni ó ṣe é.

ÒTÍTỌ́ LÉ IRỌ́ BÁ

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Christie kò tilẹ̀ tó ogún ọdún. Ní oṣù kejìlá ọdún 1952, ó pa Ethel ìyàwó rẹ̀, ó sì sin ín sábẹ́ pákó ilẹ̀ yàrá. Láàárín oṣù díẹ̀ sí i, ó tún pa obìnrin mẹ́ta, ó kó wọn sínú ihò kan lára ògiri ilé ìdáná, ó lẹ pépà bò ó, ó sì kó jáde. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1953, ayálégbé kan tí í ṣe ọmọ Jàmáíkà ń wá ibi tí yóò gbé rédíò rẹ̀ kọ́. Ó kan ògiri, ó gbọ́ pé inú rẹ̀ ṣófo. Ó ya pépà ara ògiri náà, ó sì rí òkú.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá tú ilé náà wò dáadáa, wọ́n rí i pé egungun itan ènìyàn ni Christie fi ti igi ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Egungun yìí wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá nítorí Beryl ní 1949. Kò sí ẹni tí ó wo apá ibẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ mú.

Ọwọ́ tẹ Christie ní ọjọ́ 31 oṣù náà. Ó jẹ́wọ́ pé òun ni òun pa Beryl, ṣùgbọ́n kò jẹ́wọ́ ti Geraldine. Ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti dá Evans lẹ́bi náà ni wọ́n ti dá a lẹ́bi, wọ́n sì yẹgi fún òun náà ní Pentonville ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1953.

ÌDÁRÍJÌ FÚN ÒKÚ

Ẹ ó rò pé ìjọba tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀. Rárá o. Wọ́n yan agbẹjọ́rò àgbà kan, Scott Henderson, láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ìwádìí rẹ̀ sì ti parí kí wọ́n tó yẹgi fún Christie. Ó ní Evans ni ó pa àwọn méjèèjì. Ohun tí ó ń wí ni pé apànìyàn méjì, tí ọ̀nà ìpànìyàn wọn bára mu, ṣe kòńgẹ́ ara wọn nínú ilé kékeré kan, láìmọ ara wọn!

Ìyá Evans àti àwọn ẹbí rẹ̀ kò dákẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé dìde, pàápàá Ludovic Kennedy tí ó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ọ̀rọ̀ Evans wà lára ohun tí ó mú kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn dá ìdájọ́ ikú fún apànìyàn dúró ní ọdún 1965. Ọdún yẹn náà ni wọ́n hú egungun rẹ̀ ní Pentonville, tí wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ Àgùdà ní Leytonstone. Adájọ́ Brabin tún ìwádìí ṣe, ó ní ó ṣeé ṣe kí Evans pa ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ yẹgi fún un! Ní oṣù kẹwàá ọdún 1966, Ọbabìnrin fún un ní ìdáríjì.

Ní ọdún 2003, ìjọba san owó gbà-má-bínú fún àwọn arábìnrin rẹ̀. Agbẹjọ́rò tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò sọ pé kò sí ẹ̀rí kankan tí ó fi hàn pé Evans ni ó pa ìyàwó rẹ̀. Ní 2004, ilé ẹjọ́ gíga gbà pé kò pa ẹnikẹ́ni nínú wọn, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, nítorí pé àǹfààní rẹ̀ kò tó owó tí wọn yóò ná sí i. Ìdáríjì ni wọ́n fún Evans. Wọn kò fagi lé ẹ̀bi náà. Ta ni ó sì yẹ kí ó dárí ji ta?

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ FÚN WA

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni mo ń sọ. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwa náà wà ní 1950, òfin wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe ìdájọ́ ní kóòtù ńlá ilẹ̀ wa. Wọ́n ti pa ìdájọ́ ikú rẹ́ ní ilé tiwọn. Títí di òní, ó ṣì wà nínú ìwé òfin wa. Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè àwọn kóòtù ńlá wa. Àgbẹ̀ tàbí alápatà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò fi Yorùbá sọ tẹnu rẹ̀, ẹlòmíràn yóò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, òun yóò sì tẹ̀ka sí i. Ohun tí ó ṣe Evans, tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò kàn mọ̀wé, lè ṣe é ní ìlọ́po méjì.

Àwọn ènìyàn a máa bi wá léèrè ohun tí a ó fi ìmọ̀ èdè Yorùbá ṣe. Èmi ti rí ọ̀kan nínú èsì tí mo lè fún wọn. Púpọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́, àwọn kan yóò sì di ògbufọ̀ ní kóòtù. Ẹni tí ó bá jókòó sí àárín olùfisùn àti adájọ́, ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà ní ahọ́n rẹ̀. Kí ó túmọ̀ ohun tí olúwarẹ̀ sọ gan-an, kí ó má fi kún un, kí ó má yọ kúrò nínú rẹ̀. Kí àwa tí a ó sì gbọ́ ẹjọ́, ìbáà ṣe ní ààfin, ní kóòtù tàbí láàárín ẹbí, máa rántí pé ohùn pẹ̀lẹ́ kọ́ ni òtítọ́, àti pé ẹni tí ó parọ́ lẹ́ẹ̀kan lè máa sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kejì. A lè tú ẹni tí a dè sílẹ̀. Ẹni tí a bá ti pa, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín rẹ̀ lẹ́nu.