Ìtàn Ìgbésí Ayé Ògèdèǹgbé Agbógungbórò

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn akọni tí ilẹ̀ Yorùbá bí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a kò lè ka ẹni mẹ́ta kí a má dárúkọ Ògèdèǹgbé ará Ìjẹ̀ṣà. Òrìṣàráyíbí Ògúndámọ́lá ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí ní ilé baba rẹ̀ ní Atorin, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Iléṣà. Ogun ni ó sọ ọ́ di Ògèdèǹgbé, ogun ni ó sọ ọ́ di Agbógungbórò, ogun kan náà ni ó sì mú un dé ìlú Ìwó gẹ́gẹ́ bí òǹdè ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ayé tí a bí Ògèdèǹgbé sí kì í ṣe ayé ìrọ̀rùn. Ìjọba Ọ̀yọ́, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ òpómúléró ilẹ̀ Yorùbá, ti ń wó lọ ní àkókò náà. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1835, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti fọ́n ká. Ìbàdàn, tí ó jẹ́ ibùdó àwọn jagunjagun, bẹ̀rẹ̀ sí gbèrú. Ní ọdún 1840 àwọn ará Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo, wọ́n sì gba apá gúúsù ilẹ̀ Yorùbá lọ́wọ́ ewu ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbani lọ́wọ́ ẹkùn lè di ẹni tí ń jẹ ẹran inú agbo. Láìpẹ́ Ìbàdàn sọ ara rẹ̀ di olúwa lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú. Ìwó wà lábẹ́ ààbò rẹ̀. Òṣogbo wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó sì yá, ó na ọwọ́ dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣẹ́gun, Ìbàdàn a fi ajẹ́lẹ̀ kan síbẹ̀ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ àti láti máa ṣọ́ ọba ìlú náà.

Ní ìgbà èwe rẹ̀, Ògèdèǹgbé bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, wọ́n sì mú un lẹ́rú lọ sí ìlú wọn. Ohun tí ìbá jẹ́ òpin ayé ẹlòmíràn ni ó di ilé-ẹ̀kọ́ fún un. Ní Ìbàdàn ni ó ti rí bí a ti ń to ogun, bí a ti ń mọ odi ibùdó, bí a ti ń ba ní ibùba, àti bí olórí ogun ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu mú ọkàn àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ le. Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀, ó mọ ọ̀nà Ìbàdàn bí ẹni mọ ojú owó. Àwọn tí ó kọ́ ọ ní ogun kò mọ̀ pé ọ̀tá tí yóò dá àwọn dúró ni àwọn ń kọ́.

Ní ọdún 1867 ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Iléṣà. Ògèdèǹgbé wà nínú àwọn tí ó gbèjà ìlú náà. Ìlú Iléṣà fara dà á títí ebi fi bẹ̀rẹ̀ sí pa wọ́n, ó sì ṣubú ní ọdún 1870. Àwọn ará Ìbàdàn kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ. Ògèdèǹgbé yọ́ jáde, ó sì gba ìhà ìlà-oòrùn lọ pẹ̀lú àwọn tí ó tẹ̀ lé e, títí ó fi dó sí Ìta-Ògbólú ní ẹ̀bá Àkúrẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti kó ọmọ ogun púpọ̀ jọ. A kò gbọdọ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: àwọn ọmọ ogun náà kò ní oko tí wọ́n ń ro, ìkógun ni wọ́n fi ń jẹun, ọ̀pọ̀ ìlú ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ ni ó sì jìyà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ogun lé kúrò ní ilé ti di ẹni tí ń fi ogun lé ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí ní ìgbà náà.

Ní gbogbo ìgbà yìí, àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń ni àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lára. Wọn a gba oúnjẹ láìsan owó. Wọn a fi ọwọ́ lílé gba ẹrù olówò. Wọn kì í sì í bọ̀wọ̀ fún aya onílé. Ní ọdún 1878 ọ̀rọ̀ náà dé góńgó. Fábùnmi, ọmọ ọba kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí, kò lè fara dà á mọ́. Ó pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú wọn pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ìlú yòókù kí wọ́n dìde. Báyìí ni Èkìtìparapọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìmùlẹ̀ láàárín àwọn ará Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá láti já àjàgà Ìbàdàn kúrò ní ọrùn wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Ìbàdàn ni ó lékè. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878 wọ́n fọ́ ogun àwọn ọ̀tá wọn yángá ní ẹ̀bá Ìkìrun. Ìyẹn ni a ń pè ní ogun Jálumi, nítorí ọ̀pọ̀ tí ó ń sá lọ ni ó bọ́ sínú odò.

Èkìtìparapọ̀ wá rí i pé ìgboyà nìkan kò tó. Àwọn nílò olórí tí ó mọ ogun. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé. Kò yára dìde, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá. Òun ni a fi ṣe Sẹ́ríkí, olórí gbogbo ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀, Fábùnmi sì ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Ìbàdàn dó sí ìhà Ìgbájọ lábẹ́ Ààrẹ Látòósà. Èkìtìparapọ̀ dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Àárín òkè àti àfonífojì tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì sì di pápá ogun. Nítorí ìró ìbọn tí ń dún lákọlákọ láàárín àwọn òkè náà ni a ṣe ń pe ogun yìí ní Kírìjì.

Ogun abẹ́lé tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ara wọn jà láti ọdún 1861 gba ọdún 4. Ti Kírìjì gba ọdún 16, bí a bá kà á láti ọdún 1877 tí ìjà ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá títí di ọdún 1893. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n padà láti Sàró àti Bùràsíìlì, tí wọ́n sì ń ṣòwò ní Èkó, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ran àwọn ará ilé lọ́wọ́. Wọ́n fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé. Ìbọn yìí ń ta jìnnà ju ṣakabùlà tí àwọn ará Ìbàdàn gbójú lé lọ. Ìbàdàn, tí ó ti ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ìlú, kò lè kọjá odi Èkìtìparapọ̀; Èkìtìparapọ̀ náà kò sì lè lé Ìbàdàn kúrò ní Ìgbájọ. Ọ̀nà sí òkun sé mọ́ Ìbàdàn. Àwọn ìlú tí ó wà lẹ́yìn Ìbàdàn, Ìwó pẹ̀lú, mọ ìnira ogun náà. Ní ọdún 1885 Látòósà kú sí ojú ogun láìrí òpin rẹ̀.

Ní ọdún 1886 Gómìnà Èkó rán Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips sí ibùdó méjèèjì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn olórí ogun fi ohùn ṣọ̀kan. A gbà pé àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ ti di òmìnira, pé Ìbàdàn kò ní àṣẹ lórí wọn mọ́, àti pé Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrèsì àti Àdà yóò wà ní ọ̀dọ̀ Ìbàdàn. Ohun tí Ògèdèǹgbé jà fún ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Síbẹ̀ ìhà kìíní kò fọkàn tán ìhà kejì. Àwọn ọmọ ogun kò tú ká títí di ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter fúnra rẹ̀ rin ìrìn àjò kọjá ilẹ̀ Yorùbá láti tú wọn ká.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá làjà kò wá lásán. Láti ìgbà tí àwọn ìjọba Òyìnbó ti pàdé ní ìlú Berlin ní ọdún 1884 sí 1885, olúkúlùkù wọn ń wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ní Áfíríkà. Ní ọdún 1892 Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1893 Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, Ọ̀gágun Bower sì di aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú náà. Ní ọdún 1894, ó mú Ògèdèǹgbé. Ẹ̀sùn tí a fi kàn án ni pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀, tí wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn ogun, ń da ìlú rú, wọ́n sì ń jalè lójú ọ̀nà. A mú un kúrò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a sì gbé e lọ sí Ìwó.

Ìyípadà ayé yìí yẹ ní rírò. Ìwó jìnnà sí àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé, ó sì súnmọ́ Ìbàdàn níbi tí Bower ń gbé. Mọ́mọ̀dù Lámúyè, ọba onígbàgbọ́ Ìsìláàmù tí ó ti wà lórí ìtẹ́ láti nǹkan bí ọdún 1858, ni Olúwòó nígbà náà. Ìlú tí ó ti wà lẹ́yìn Ìbàdàn ni akọni tí Ìbàdàn kò lè ṣẹ́gun ti wá di òǹdè, kì í sì í ṣe Ìbàdàn ni ó mú un. Òmìnira tí ó gbà lọ́wọ́ ará ilé, àlejò ti gbà á lọ́wọ́ òun àti Ìbàdàn pọ̀. Òun àti àwọn tí ó bá jà, abẹ́ orùlé kan náà ni wọ́n wà báyìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ńlá ní Áfíríkà ni irú rẹ̀ bá ní àkókò yẹn. A gbé Jájà ti Òpóbò lọ ní ọdún 1887, ó sì kú ní ọdún 1891 láìpadà dé ilé. A gbé Béhanzin ọba Dàhòmì lọ sí òkè òkun ní ọdún 1894, a sì gbé Ọba Ovonramwen ti Bìní lọ sí Calabar ní ọdún 1897. Àwọn méjèèjì kò tún fi ojú kan ìlú wọn mọ́. Àwọn àgbà a máa wúre pé odídẹrẹ́ Ìwó kì í kú sí oko ìwájẹ. Ìre yìí ṣẹ mọ́ Ògèdèǹgbé lára, nítorí a dá a sílẹ̀, ó sì padà sí Iléṣà.

Ìtàn sọ pé àwọn ará Ìjẹ̀ṣà fi ìtẹ́ Ọwá lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni adé, ọ̀tọ̀ ni idà. Oyè Ọbańlá, ọ̀kan nínú àwọn oyè gíga ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni ó jẹ, orí rẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1910. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbẹ́ ère rẹ̀ sí Iléṣà kí ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa rántí.

Ògèdèǹgbé kì í ṣe áńgẹ́lì. Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà rántí rẹ̀ fún òmìnira; àwọn ìlú tí ó kó ní ìkógun ní ìdí láti rántí rẹ̀ fún ẹkún. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹrú lè kọ́ ọgbọ́n olúwa rẹ̀, kí ó sì fi í gba ara rẹ̀. Àti pé ìlú púpọ̀ tí ó bá so ọwọ́ pọ̀ kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì sì wà nínú ìtàn náà, tí ó korò ju ti ìṣáájú lọ: bí ọmọ ìyá méjì bá jà fún ọdún 16, nígbà tí wọn yóò fi rẹ̀ wẹ̀sì, àlejò ti jókòó sí àga baba wọn. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ ìtàn Kírìjì, kí wọ́n má baà tún bá ara wọn jà títí ẹlòmíràn yóò fi gba ilé.